Ṣíṣú Lọ̀tọ̀, Rírọ̀ Lọ̀tọ̀: Ọ̀sẹ̀ Kan Lábẹ́ Sánmà Ìbàdàn

Òpá tẹ́ẹ́rẹ́ kanlẹ̀, ó kan ọ̀run. Kí ni o? Òjò ni. Ọmọ kékeré ti máa ń dáhùn àlọ́ yìí kí a tó pa á tán. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá tún bi ọmọ náà pé, "Kí ló dé tí òjò fi ṣú lánàá tí kò sì rọ̀?", àgbà pàápàá lè wá èsì tì.

Èdè Yorùbá ti ya ọ̀rọ̀ méjèèjì sọ́tọ̀. Òjò a máa ṣú, òjò a sì máa rọ̀. Ṣíṣú lọ̀tọ̀, rírọ̀ lọ̀tọ̀. Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe ti ẹnu lásán. Òun ló ń sọ bóyá irúgbìn tí àgbẹ̀ gbìn yóò hù tàbí yóò gbẹ mọ́ ilẹ̀. Òun náà ló ń sọ bóyá ẹni tó kọ́lé sétí odò yóò fi ọkàn balẹ̀ sùn. Nínú ẹ̀kọ́ yìí, a ó wo bí omi ṣe ń gòkè, bí ó ṣe ń di àwọsánmà, àti ohun tó ń mú un já bọ́. Lẹ́yìn náà, a ó tẹ̀lé sánmà Ìbàdàn fún ọjọ́ méje, bí ó ṣe sábà máa ń rí ní ìparí oṣù Kẹta, nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn ń lọ tí òjò sì ń bọ̀.

OJÚ ỌJỌ́ NÍNÚ ÈDÈ WA

Kò sí ojú ọjọ́ tí Yorùbá kò ní ìkíni fún. Bí òjò bá ń rọ̀, a ó ní "Ẹ kú òjò o." Bí ọyẹ́ bá dé, "Ẹ kú ọyẹ́." Bí ooru bá mú, "Ẹ kú ooru." Bí òtútù bá mú, "Ẹ kú ọ̀gìnnìtìn." Ẹ jẹ́ kí a tún rántí àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí, nítorí a ó lò wọ́n:

Àkọ́rọ̀: òjò tó kọ́kọ́ rọ̀ lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀rùn.
Àrọ̀kúrò: òjò ìkẹyìn kí ẹ̀ẹ̀rùn tó wọlé.
Ọ̀wààrà: òjò ńlá tó dà lójijì.
Ìrì: omi tó ń sẹ̀ sórí koríko lóru.
Òwúsúwusù: àwọsánmà tó sọ̀ kalẹ̀ dé ilẹ̀, tí kì í jẹ́ kí a rí ọ̀nà.
Yìnyín: omi dídì tó ń bá òjò bọ̀.
Ọ̀dá: àìrọ̀ òjò fún ìgbà pípẹ́.

OMI TÍ OJÚ KÒ LÈ RÍ

Ẹ gbé omi kaná. Nígbà tó bá hó, ẹ ó rí ohun funfun tó ń gòkè lẹ́nu ìkòkò. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ohun funfun yẹn ni omi tó ti di afẹ́fẹ́. Rárá o. Omi tó bá ti di afẹ́fẹ́ kò ṣeé fojú rí. Ohun tí ẹ rí yẹn ni ẹ̀kán omi kéékèèké, tí omi náà di padà nígbà tó bọ́ sínú afẹ́fẹ́ tó tutù jù ú lọ. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni àwọsánmà ṣe rí. Nínú ẹ̀kọ́ yìí, a ó máa pe omi tó ti di afẹ́fẹ́ ní oru omi.

Níbo ni oru omi tó ń di òjò wa ti ń wá? Èyí tó pọ̀ jù ń wá láti inú Òkun Àtìláńtíìkì tó wà ní gúúsù wa. Oòrùn ń ta sí ojú òkun, omi ń di oru, afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn sì ń gbé e wọ inú ilẹ̀. Ó ń gba Èkó kọjá, ó ń dé Abẹ́òkúta, Ìbàdàn àti Ọ̀yọ́, títí dé Ìlọrin àti òkè lọ́hùn-ún. Igbó náà ń fi kún un, nítorí igi ń fa omi láti inú ilẹ̀, ewé wọn sì ń tú u sínú afẹ́fẹ́.

Afẹ́fẹ́ mìíràn wà tó ń bá ti òkun du ààyè. Àríwá ìlà-oòrùn, láti aṣálẹ̀ Sàhárà, ni ó ti ń wá. Gbígbẹ ló gbẹ, eruku ló kó wá. Òun ni à ń pè ní ọyẹ́. Ní oṣù Kìíní, afẹ́fẹ́ gbígbẹ yìí máa ń ti èkejì sẹ́yìn títí dé ìtòsí etí òkun. Ní oṣù Kẹjọ, afẹ́fẹ́ òkun ti lé e padà kọjá ààlà àríwá Nàìjíríà. Ibi tí àwọn méjèèjì ti pàdé ni ààlà òjò àti ẹ̀ẹ̀rùn. Bí ààlà yìí ṣe ń lọ sókè tó sì ń padà bọ̀ ló ń pín ọdún wa sí méjì.

BÍ ÒJÒ ṢE Ń ṢÚ

Oru omi nìkan kò lè di àwọsánmà. Afẹ́fẹ́ tó gbé e gbọ́dọ̀ gòkè kí ó sì tutù. Bí ẹ bá tẹ ẹnu táyà kẹ̀kẹ́ kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ tú jáde, ẹ ó rí i pé ó tutù lọ́wọ́. Afẹ́fẹ́ tó bá rí ààyè tú ká a máa tutù. Bí afẹ́fẹ́ bá ṣe ń gòkè, bẹ́ẹ̀ ló ń rí ààyè tú ká. Fún kìlómítà kan tó bá gùn, yóò fi nǹkan bí ìwọ̀n 10 lórí òṣùwọ̀n Celsius tutù, títí yóò fi dé ibi tí kò ti lè gbé gbogbo oru omi inú rẹ̀ mọ́.

Níbẹ̀ ni oru yóò ti padà di omi. Ṣùgbọ́n ó ń fẹ́ ohun tí yóò lẹ̀ mọ́: eruku, iyọ̀ òkun tó fò sókè, tàbí èéfín igbó sísun. Ẹ̀kán omi kọ̀ọ̀kan yóò wé mọ́ èérún kan. Wọ́n kéré gan-an. Bí ẹ bá to 50 nínú wọn sórí ìlà, gígùn wọn kò ju mìlímítà kan lọ. Nígbà tí àìmọye wọn bá pọ̀ jọ, wọ́n di àwọsánmà. Bí àwọsánmà náà bá nípọn tó bẹ́ẹ̀ tí oòrùn kò lè là á kọjá, abẹ́ rẹ̀ yóò dúdú. A ó ní òjò ṣú.

BÍ ÒJÒ ṢE Ń RỌ̀

Ẹ̀kán tó kéré tó bẹ́ẹ̀ kò lè dé ilẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó ń gòkè ń gbé e dúró. Bí ó bá sì bọ́ sísàlẹ̀ àwọsánmà, yóò gbẹ kí ó tó jìnnà. Kí ó tó lè di ẹ̀kán òjò kan ṣoṣo, nǹkan bí mílíọ̀nù kan irú rẹ̀ gbọ́dọ̀ para pọ̀. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà para pọ̀.

Ọ̀nà kìíní ni ìkọlura. Ẹ̀kán tó tóbi díẹ̀ ju àwọn yòókù lọ ń yára já bọ́, ó ń kó àwọn tó bá pàdé lọ́nà mọ́ra, ó sì ń tóbi sí i. Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ọ̀pọ̀ òjò wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ etí òkun ń wá lọ́nà yìí.

Ọ̀nà kejì ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu. Àwọsánmà òjò ńlá a máa ga tó kìlómítà 12 sí 15. Bí ooru tilẹ̀ ń mú wa nísàlẹ̀, láti nǹkan bí kìlómítà 5 lọ sókè, òtútù ibẹ̀ tó láti mú omi dì. Níbẹ̀, èérún omi dídì ń gba oru omi mọ́ra kíákíá, wọ́n ń wúwo, wọ́n sì ń já bọ́. Kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ wa, ooru ti yọ́ wọn di omi. Nítorí náà, púpọ̀ nínú òjò alárá tó ń pa wá ní Ìbàdàn ti jẹ́ omi dídì rí lókè. Nígbà mìíràn, afẹ́fẹ́ líle inú àwọsánmà á tún máa ju èérún náà sókè léraléra títí yóò fi tóbi. Bí kò bá rí ààyè yọ́ tán kí ó tó dé ilẹ̀, yìnyín nìyẹn.

ỌJỌ́ MÉJE LÁBẸ́ SÁNMÀ ÌBÀDÀN

Ẹ jẹ́ kí a wo bí àwọn nǹkan wọ̀nyí ṣe ń ṣẹlẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo ní ìparí oṣù Kẹta.

Ọjọ́ Ajé. Oòrùn mú kankan, ooru gòkè tó ìwọ̀n 34. Ní ọ̀sán, àwọsánmà kéékèèké bí òwú yọ sókè. Cumulus ni àwọn onímọ̀ ń pe irú èyí. Ilẹ̀ tó gbóná ló ti afẹ́fẹ́ gòkè. Nígbà tí oòrùn wọ̀, ilẹ̀ tutù, kò sí ohun tó ń ti afẹ́fẹ́ sókè mọ́, gbogbo wọn sì pòórá.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ìrì sẹ̀ sórí koríko láàárọ̀, òwúsúwusù sì bo ẹsẹ̀ òkè. Ẹ kíyè sí èyí: ó fi hàn pé afẹ́fẹ́ òkun ti dé, oru omi sì ti pọ̀ nílẹ̀. Ní ọ̀sán, òwú àná tún yọ, wọ́n tóbi ju tàná lọ, síbẹ̀ òjò kò rọ̀.

Ọjọ́rú. Ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, òjò ṣú dúdú. Àwọn ìyá sáré kó aṣọ tí wọ́n sá. Ẹ̀kán mélòó kan já sórí páànù, ó sì tán. Lọ́jọ́ kejì, ẹni tó ti Ìwó bọ̀ ní òjò rọ̀ dáadáa lọ́dọ̀ àwọn. Kí ló ṣẹlẹ̀? Àwọsánmà kan ṣoṣo lè má fẹ̀ ju kìlómítà díẹ̀ lọ, ibi tó bá wà ni yóò rọ̀ sí. Lẹ́yìn èyí, ní ìgbà àkọ́rọ̀, afẹ́fẹ́ abẹ́ àwọsánmà ṣì gbẹ. Ẹ̀kán òjò mìíràn á gbẹ dànù lójú ọ̀nà kí ó tó kanlẹ̀.

Ọjọ́bọ̀. Kò sí àwọsánmà tó ní láárí, ṣùgbọ́n ooru mú, òógùn kò gbẹ lára. Òógùn kì í tètè gbẹ nígbà tí oru omi bá ti kún inú afẹ́fẹ́. Ìdí nìyẹn tí àwọn àgbà fi máa ń sọ pé, "Ooru òjò ni èyí."

Ọjọ́ Ẹtì. Ní ìrọ̀lẹ́, àwọsánmà kan dìde láti ìlà-oòrùn bí ògiri, orí rẹ̀ funfun, ìsàlẹ̀ rẹ̀ dúdú kirikiri. Cumulonimbus ni orúkọ rẹ̀. Ẹ rántí pé gúúsù ìwọ̀-oòrùn ni oru omi ti ń wá, ṣùgbọ́n ìlà-oòrùn ni ìjì yìí ti wá. Ìdí ni pé lókè níbi tó ga, afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ láti ìlà-oòrùn ló ń ti ìjì lọ. Kí òjò tó dé, ẹ̀fúùfù tutù kọ́kọ́ fẹ́, ó gbé eruku, ó ṣí páànù. Afẹ́fẹ́ yìí ni òjò ti tù lára, tó wúwo, tó sì ya kúrò lábẹ́ àwọsánmà. Lẹ́yìn náà ni ọ̀wààrà dà fún nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú, yìnyín bá a rọ̀, ó sì wá ń rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ títí ilẹ̀ fi ṣú. Ẹni tó bá gbé ohun ìwọn òjò síta lè bá mìlímítà 25 nínú rẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ilẹ̀ tutù, òórùn ilẹ̀ tútù gbòde. Lókè réré, àwọsánmà tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìyẹ́ ẹyẹ, èyí tó ń jẹ́ cirrus, ṣẹ́ kù sí sánmà. Omi dídì ni gbogbo rẹ̀, kì í rọ̀ dé ilẹ̀. Inú àgbẹ̀ dùn, ọ̀pọ̀ sì ti gbé àgbàdo lọ sí oko.

Ọjọ́ Àìkú. Oòrùn tún yọ. Ní ọ̀sán, ojú ilẹ̀ ti ń funfun.

Ẹ wò ó: òjò ṣú lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọjọ́ méje, ẹ̀ẹ̀kan péré ló rọ̀ sí wa lójú.

ṢÉ KÍ A GBIN ÀGBÀDO?

Ìbéèrè yìí ló ṣòro jù nínú ọ̀sẹ̀ náà. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Ní àkókò tí ooru mú báyìí, oòrùn àti ewéko lè fa nǹkan bí mìlímítà 4 sí 5 kúrò nínú ilẹ̀ lójúmọ́. Mìlímítà 25 tó rọ̀ ní ọjọ́ Ẹtì yóò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán ní nǹkan bí ọjọ́ márùn-ún tàbí mẹ́fà. Àkókò yẹn gan-an ni àgbàdo ń yọrí jáde. Bí òjò mìíràn kò bá tètè tẹ̀lé e, ọmọ irúgbìn yóò rọ, àgbẹ̀ yóò tún irúgbìn rà, yóò sì tún un gbìn. Ilé tó jẹ́ pé àpò àgbàdo kan ló fi pamọ́ fún gbígbìn lè má ní èyí tí yóò gbìn lẹ́ẹ̀kejì.

Nítorí náà, ọ̀kan lára àwọn òṣùwọ̀n tí àwọn onímọ̀ ń lò ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sọ pé òjò ọdún kò tíì bẹ̀rẹ̀ àfi bí ó bá rọ̀ tó mìlímítà 20 láàárín ọjọ́ mẹ́ta, tí ọ̀dá kò sì ju ọjọ́ méje lọ nínú 30 ọjọ́ tó tẹ̀lé e. Ẹnikẹ́ni kò lè rí 30 ọjọ́ níwájú. Ìyẹn ló jẹ́ kí àsọtẹ́lẹ̀ ṣe pàtàkì. Àjọ ojú ọjọ́ ilẹ̀ Nàìjíríà, NiMet, máa ń gbé àsọtẹ́lẹ̀ òjò jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún. Ọgbọ́n àwọn àgbà náà wà níbẹ̀: wọn kì í gbin gbogbo oko lórí òjò kan. Wọn a gbin apá kan, wọn a sì dúró wo ìyókù.

OṢÙ KẸJỌ: ṢÍṢÚ LÁÌRỌ̀, ÀTI RÍRỌ̀ TÓ PỌ̀ JÙ

Láti ìparí oṣù Keje wọ oṣù Kẹjọ, òjò sábà máa ń dínkù ní ilẹ̀ Yorùbá. Síbẹ̀, àkókò yìí gan-an ni sánmà máa ń ṣú jù. Lẹ́nu àsìkò yìí, omi òkun tó wà létí ilẹ̀ wa tutù, afẹ́fẹ́ tó gba orí rẹ̀ kọjá kò sì lágbára láti gòkè púpọ̀. Àwọsánmà tó bá yọ a tẹ́ pẹlẹbẹ bí ẹní. Stratus ni wọ́n ń pè é. Ó bo oòrùn, ó mú ọ̀gìnnìtìn wá, ṣùgbọ́n kò nípọn tó láti rọ̀ ju wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lọ.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má fi ìyẹn ṣe àmúyangàn. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980, odò Ògùnpa ní Ìbàdàn kún bo ilé, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀mí ló bá a lọ. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011, òjò tó lé ní mìlímítà 180 rọ̀ sí ìlú kan náà láàárín wákàtí díẹ̀. Afárá já, ilé wó, àwọn tó kú lé ní 100. Mìlímítà kan lórí ilẹ̀ tó fẹ̀ ní mítà kan níbùú àti lóròó jẹ́ lítà omi kan. Nítorí náà, orí páànù ilé tó gùn ní mítà 10 tó sì fẹ̀ ní mítà 8 yóò gba 14,400 lítà nínú òjò bẹ́ẹ̀. Ẹ ronú ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí ẹgbẹẹgbẹ̀rún òrùlé bá da tiwọn sínú gọ́tà tí ìdọ̀tí ti dí. Òjò ló rọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ wa ló ń dí ọ̀nà omi.

BÍ ÀRÁ BÁ Ń SÁN

Mọ̀nàmọ́ná àti àrá jọ ń ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ni, ìmọ́lẹ̀ ló yára ju ariwo lọ. Bí ẹ bá ti rí mọ̀nàmọ́ná, ẹ máa ka ìṣẹ́jú-àáyá títí ẹ ó fi gbọ́ àrá. Ẹ fi 3 pín in, iye kìlómítà tó jìnnà sí yín nìyẹn. Bí ẹ bá ka 30 tàbí kí ó má tó bẹ́ẹ̀, ẹ wọ inú ilé. Ẹ má ṣe dúró sábẹ́ igi, ẹ má ṣe dúró ní pápá. Òwe Yorùbá sọ pé, "Ẹni òjò pa tí Ṣàngó kò pa, kó máa dúpẹ́."

BÍ Ẹ ṢE LÈ WỌN ÒJÒ

Ẹ wá ike omi tí ara rẹ̀ gún régé. Ẹ gé orí rẹ̀, kí ẹ dojú orí náà délẹ̀ sínú ìyókù bí àrọ. Bí ìdí ike náà kò bá tẹ́jú, ẹ da omi díẹ̀ sí i, kí ẹ fa ìlà sí ibi tí omi dé: ìlà yẹn ni òdo. Ẹ fi rúlà fa mìlímítà sókè láti ibẹ̀. Ẹ gbé e sí gbangba, jìnnà sí igi àti ìṣàn òrùlé, kí ẹ sì tì í kí afẹ́fẹ́ má gbé e lọ. Ẹ máa kà á ní wákàtí kan náà ní àràárọ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì da omi rẹ̀ padà sí ìlà òdo.

ÀWỌN ÒWE ÒJÒ

"Òjò ò bẹ́nìkan ṣọ̀tá, ẹni eji bá rí leji ń pa." Ìtumọ̀: ohun tó kan gbogbo ènìyàn kì í yan ẹni.

"Òjò tó rọ̀ ló kó ẹyẹlé pọ̀ mọ́ adìẹ." Ìtumọ̀: ìṣòro a máa mú kí àwọn tí kì í rìn pọ̀ tẹ́lẹ̀ jọ wà lábẹ́ òrùlé kan.

"Ọ̀pọ̀ òjò ló ti rọ̀ tí ilẹ̀ ti fi mu." Ìtumọ̀: ohun púpọ̀ ló ti ṣẹlẹ̀ tí kò sí ẹni tó rántí mọ́. Ṣùgbọ́n òjò tí ọmọ ilé ìwé bá kọ sínú ìwé, ilẹ̀ kò lè fi mu.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÀWỌN AKẸ́KỌ̀Ọ́

1. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín oru omi àti àwọsánmà?
2. Kí ló dé tí òjò Ọjọ́rú kò fi rọ̀ tó bí ó ṣe ṣú?
3. Bí mìlímítà 25 bá rọ̀ sórí páànù tó gùn ní mítà 10 tó sì fẹ̀ ní mítà 8, lítà mélòó ni?
4. Ẹ wo sánmà fún ọjọ́ méje. Ẹ kọ iye ìgbà tí òjò ṣú àti iye ìgbà tó rọ̀. Ẹ bi àwọn òbí yín àgbà bóyá bí ó ṣe máa ń rí nígbà èwe wọn nìyẹn.